Bí Fáìlì Inú Ilé Ṣe Lè Dé Ọwọ́ Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Odi

Sáfà fáìlì inú ilé ni kọ̀ǹpútà kékeré kan tí a gbé sí igun yàrá, tí a so háàdì dísìkì ńlá mọ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó máa tọ́jú fọ́tò, fídíò, ìwé àti ohùn tí ìdílé gbà sílẹ̀, kí ó sì máa gbé wọn jáde fún ẹnikẹ́ni nínú ilé tó bá béèrè fún wọn láti orí fóònù, kọ̀ǹpútà tàbí tẹlifíṣọ̀n. Kò di dandan kí ó jẹ́ ẹ̀rọ olówó ńlá. Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Èrèlé ọdún 2012, lè ṣe iṣẹ́ náà láìsí wàhálà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ tí gíláàsì ojú rẹ̀ ti fọ́ ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. Àwọn sọ́fítíwìa tí wọ́n ń lò fún un, irú bíi Samba, tí Andrew Tridgell kọ́kọ́ gbé jáde ní Australia ní ọdún 1992, àti Nextcloud, tí Frank Karlitschek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 2016, ọ̀fẹ́ ni wọ́n.

Ohun tó ń mú kí àwọn ènìyàn gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọlé kò farasin. Títí di òpin oṣù Èbìbí ọdún 2021, Google Photos ń gba fọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́ láìka iye wọn sí, bí ẹni tó ni wọ́n bá ti gbà kí wọ́n fún wọn pọ̀ díẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Òkúdù ọdún náà wá, gbogbo ohun tuntun tí ènìyàn bá kó síbẹ̀ ti di ara gígábáìtì 15 tí ilé-iṣẹ́ náà ń fún oníkálukú lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí tirẹ̀ bá sì ti kún ní láti máa sanwó. Ìdílé tí bàbá àti ìyá wà ní Ìbàdàn, tí ọmọ kan wà ní London, tí èkejì wà ní Houston, kì í pẹ́ kí gígábáìtì 15 tó kún fún un, nítorí fídíò ìsìnkú kan ṣoṣo lè gba ìdajì rẹ̀. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ owó, àwọn ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò fẹ́ kó sọ́wọ́ àlejò: ìwé ilẹ̀, ìwé ilé-ìwòsàn, àti ohùn àgbà tó ti lọ, tó ń ki oríkì ìdílé, tí kò tún sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n kì bẹ́ẹ̀ mọ́. Irú ẹrù báyìí yẹ kí ó wà nílé, lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ó sì tún yẹ kí ọmọ tó wà ní London lè ṣí i nígbàkígbà tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí i.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé sáfà tó ń dáhùn kíákíá nínú ilé kì í dáhùn mọ́ ní kété tí fóònù bá ti kúrò lórí Wi-Fi ilé. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Àdírẹ́sì rẹ̀ ni kò ní ìtumọ̀ kankan ní ìta. Ohunkóhun tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì, èyí tí í ṣe nọ́ńbà, irú èyí tó sì wọ́pọ̀ jù lọ, tí a mọ̀ sí IPv4, ni wọ́n gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1981. Gbogbo àdírẹ́sì tó lè ti inú rẹ̀ jáde kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ, iye tó dà bí ẹni pé kò lè tán láé nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n tí kò tó nǹkan mọ́ nígbà tí fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè tiwọn. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2011, IANA, àjọ tó ń pín àdírẹ́sì fún gbogbo àgbáyé, pín èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán fún àwọn àjọ ẹlẹ́kùnjẹkùn. AFRINIC, tó ń pín in fún Áfíríkà láti erékùṣù Mauritius, ni tirẹ̀ pẹ́ jù nílẹ̀, síbẹ̀ láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ tó bá wá gba àdírẹ́sì lọ́dọ̀ rẹ̀ kò lè rí ju 1,024 lọ gbà lẹ́ẹ̀kan.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí ọ̀wọ́n yìí ni pé kí ilé kan máa lo àdírẹ́sì ìta kan ṣoṣo, kí àwọn ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ sì ní àdírẹ́sì tiwọn tí kò kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó rí gẹ́gẹ́ bí agboolé: gbogbo ìlú ló mọ orúkọ agboolé, lẹ́tà sì lè fi í débẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ bí Ìyá Àgbà tàbí Bàbá Ìbejì tí wọ́n ń pe ara wọn nínú ilé wà ní agboolé mìíràn pẹ̀lú, ẹni tó bá sì kọ ìyẹn nìkan sẹ́yìn lẹ́tà, lẹ́tà rẹ̀ kò ní dé ibì kankan. Ìwé ìlànà tí wọ́n pè ní RFC 1918, tó jáde ní oṣù Èrèlé ọdún 1996, ya àwọn nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ fún inú ilé, àwọn ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, àti èyí tó wà láti 172.16 títí dé 172.31. Bí sáfà kan ní Ìbàdàn bá ń jẹ́ 192.168.1.50, àìmọye ẹ̀rọ mìíràn ní London, Cotonou àti Salvador ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní wákàtí kan náà.

Ráútà, àpótí kékeré tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé tó sì ń pín in fún ilé, ló ń ṣe alárinà. Bí fóònù inú ilé bá fẹ́ ka ìròyìn, ráútà á fi àdírẹ́sì ìta béèrè fún un, á kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé fóònù báyìí ló béèrè, nígbà tí èsì bá sì dé, á yẹ àkọsílẹ̀ wò, á sì fi jíṣẹ́ fún ẹni tó ni ín. NAT ni wọ́n ń pe ìlànà yìí, ó sì ti wà nínú ìwé láti ọdún 1994. Ẹni tó bá mọ bí àkọsílẹ̀ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ ti mọ ìdajì ọ̀ràn tó wà nílẹ̀, nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò bá kọ́kọ́ béèrè fún, ráútà kò mọ ẹni tí yóò gbé e fún, a sì máa dà á nù. Ìkésíni ọmọ tó wà ní London sí sáfà ilé wà lára ohun tó ń dànù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń yanjú rẹ̀ ni kí onílé ti pàṣẹ fún ráútà tẹ́lẹ̀ pé ohunkóhun tó bá ti ìta wá sórí pọ́ọ̀tù báyìí, kí ó gbé e fún sáfà. Pọ́ọ̀tù ni nọ́ńbà, láti 0 títí dé 65535, tó ń sọ irú iṣẹ́ tí a bá wá sí orí kọ̀ǹpútà kan: Samba máa ń lo 445, ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí a dáàbò bò máa ń lo 443, SSH tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń darí kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn máa ń lo 22. Nítorí pé àdírẹ́sì ìta tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé a máa yí padà, pàápàá bí iná bá lọ tó sì padà dé, onílé á tún lọ gba orúkọ lọ́dọ̀ àwọn bíi DuckDNS tàbí No-IP, ẹ̀rọ inú ilé á sì máa fi àdírẹ́sì tuntun tó wọn létí, débi pé ẹni tó wà lóde kò ní láti rántí ju orúkọ kan ṣoṣo lọ. Ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́, àwọn kan sì ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, kò yẹ kí a gba ẹnikẹ́ni níyànjú lónìí pé kí ó ṣí pọ́ọ̀tù fáìlì rẹ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdí rẹ̀ sì tó ohun tí a ń dúró lé lórí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé sáfà kékeré kan wà nínú ilé kan ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, ká má tíì sọ pé yóò fẹ́ wọ ibẹ̀. Ó pẹ́ tí èrò yìí ti di aláìníláárí. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, Zakir Durumeric, Eric Wustrow àti J. Alex Halderman, gbé sọ́fítíwìa kan jáde tí wọ́n pè ní ZMap, wọ́n sì fi hàn pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yára dáadáa lè yẹ gbogbo àdírẹ́sì IPv4 ayé wò lórí pọ́ọ̀tù kan láàárín ìṣẹ́jú tí kò tó 45. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe wàhálà náà fúnra rẹ̀ lè lọ sórí Shodan, tí John Matherly dá sílẹ̀ ní ọdún 2009, níbi tí wọ́n ti to àwọn ẹ̀rọ tó ṣí sílẹ̀ kárí ayé lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ibi kò nílò láti mọ Bódìjà tàbí ẹni tó ń gbé níbẹ̀. Ẹ̀rọ wọn ń yẹ àdírẹ́sì wò tọ̀sán tòru, èyí tó bá sì dáhùn ni wọ́n máa tẹ̀ lé.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Èbìbí ọdún 2017, sọ́fítíwìa burúkú kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba pọ́ọ̀tù 445 yìí kan náà wọ àwọn kọ̀ǹpútà Windows ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, ó sọ fáìlì wọn di àdììtú tí ẹni tó ni wọ́n kò lè ṣí mọ́, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ní England, ó dé àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba, wọ́n sì ní láti dá àwọn aláìsàn padà sílé, wọ́n sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ síwájú. Ohun tó dunni nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé Microsoft ti fi àtúnṣe àbùkù náà síta láti oṣù Ẹrẹ́nà ọdún kan náà, nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú ìjàm̀bá. Àwọn tí kò tíì gbé e wọ inú kọ̀ǹpútà wọn ló fara gbá a.

Ti sáfà ilé gan-an tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022, àwọn tó ń lo sáfà tí ilé-iṣẹ́ QNAP ti ilẹ̀ Taiwan ṣe, tí wọ́n ti ṣí i sí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè máa rí fáìlì wọn láti ìrìn-àjò, bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìkéde ọlọ́ṣà pàdé níbi tí ojú ewé ìwọlé máa ń wà: DeadBolt ni orúkọ sọ́fítíwìa náà, ó ti ti gbogbo fáìlì wọn pa, iye tó sì ń béèrè lọ́wọ́ oníkálukú jẹ́ 0.03 bitcoin. Ilé àdáni àti ìsọ̀ kékeré ló pọ̀ jù nínú àwọn tó fara kó o. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, ọlọ́pàá Netherlands ta ọgbọ́n kan: wọ́n san owó bitcoin náà, kọ́kọ́rọ́ ìtúsílẹ̀ a máa jáde fúnra rẹ̀ bí owó bá ti yọjú, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì fa owó wọn padà kí ìsanwó náà tó fìdí múlẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ 155 ni wọ́n rí gbà lọ́nà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ akin ni, ṣùgbọ́n ìdílé tí fáìlì rẹ̀ kò sí lára 155 náà kò rí nǹkan gbà nínú rẹ̀.

Nítorí èyí, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí onílé ṣe, kódà bí kò tíì fẹ́ kí sáfà rẹ̀ dé ìta, ni kí ó wọ inú ètò ráútà, kí ó sì pa ohun tí wọ́n ń pè ní UPnP. Òun ni ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ inú ilé pàṣẹ fún ráútà láti ṣí pọ́ọ̀tù láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, débi pé sáfà lè ti wà ní gbangba fún oṣù mẹ́fà kí onílé tó mọ̀.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí fáìlì má ṣe jáde sí gbangba rárá, kí a kúkú mú ẹni tó wà ní ìta wọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé. Ohun tó ń ṣe èyí ni VPN, orúkọ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kọ́kọ́ mọ̀ láàárín oṣù Òkúdù ọdún 2021 sí oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa, tí àwọn ènìyàn sì ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi dé ibẹ̀. VPN tí wọ́n lò nígbà náà ń gbé wọn lọ sí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ òkèèrè, kí ó lè dà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n wà. Èyí tí à ń sọ níhìn-ín ń gbé ọmọ ilé padà sí ilé bàbá rẹ̀: láàárín fóònù rẹ̀ àti sáfà, gbogbo ọ̀rọ̀ ti di àdììtú, ẹnikẹ́ni tó wà lójú ọ̀nà kò sì lè kà á.

Nínú àwọn sọ́fítíwìa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, WireGuard, tí Jason A. Donenfeld kọ, ló gbayì jù lọ lónìí, ó sì ti di ara Linux, ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí kọ̀ǹpútà, láti oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020. Kóòdù rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìlà 4,000 lọ, èyí tó kéré débi pé onímọ̀ kan lè jókòó kà á tán láti wá àbùkù rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á ṣe kọ́kọ́rọ́ méjì fúnra rẹ̀: ọ̀kan jẹ́ ti àṣírí, tí kì í kúrò lórí ẹ̀rọ náà, èkejì jẹ́ ti gbangba, ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà 44 tí a lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láìsí ìbẹ̀rù, nítorí ẹni tó bá jí i kò lè fi í ṣe nǹkan kan. Àkójọ kọ́kọ́rọ́ gbangba àwọn ọmọ ilé ló wà lọ́dọ̀ sáfà. Nígbà tí ọmọ tó wà ní London bá tan WireGuard lórí fóònù rẹ̀, fóònù á fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ̀ di ọ̀rọ̀ kan ní àdììtú, á sì fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ìta ilé, lórí pọ́ọ̀tù tó sábà máa ń jẹ́ 51820. Sáfà á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá ọ̀kan nínú kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mu, bí ó bá sì bá a mu, á dá a lóhùn, fóònù náà á di ẹni tó ní àdírẹ́sì inú ilé, á sì máa rí fáìlì bí ẹni tó jókòó sí pálọ̀. Bí kò bá bá a mu, sáfà kò ní fèsì, kò tilẹ̀ ní sọ pé rárá. Ẹni tó ń fi ZMap wá kiri kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín pọ́ọ̀tù náà àti èyí tí kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, èyí sì ni ohun tó mú kí ṣíṣí pọ́ọ̀tù WireGuard yàtọ̀ gédégédé sí ṣíṣí ti fáìlì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ fún àwọn ará òkèèrè ti máa ń já onílé ní Nàìjíríà kulẹ̀ ni pé wọ́n gbà pé ráútà ilé ní àdírẹ́sì ìta tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kò ní in. Ọ̀wọ́n àdírẹ́sì ti mú kí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì náà ṣe NAT tiwọn, tó tóbi ju ti ilé lọ, kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníbàárà lè jọ máa lo àdírẹ́sì kan. CGNAT ni wọ́n ń pè é, ó sì túmọ̀ sí pé agboolé náà tún wà nínú agboolé mìíràn tí onílé kò ní àṣẹ kankan lé lórí. Láti oṣù Igbe ọdún 2012 ni wọ́n ti ya àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 títí dé 100.127 sọ́tọ̀ fún un. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba orí káàdì SIM wọlé sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, Starlink, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023, sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ inú ilé. Láti mọ èyí tó kan ilé ẹni, kí a wo àdírẹ́sì ìta tó wà nínú ètò ráútà, kí a sì tún wo èyí tí ojú ewé tó ń fi àdírẹ́sì hàn ènìyàn yóò sọ. Bí àwọn méjèèjì kò bá dọ́gba, tàbí tí ti ráútà bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 sí 100.127, kò sí pọ́ọ̀tù tí a lè ṣí tí yóò ṣiṣẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan a máa ta àdírẹ́sì ìta tí kì í yí padà, owó rẹ̀ sì máa ń wà lórí owó oṣooṣù. IPv6, irú àdírẹ́sì tuntun tí ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 1998, pọ̀ tó láti kárí ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà ní ilé, kí ó sì tún wà lọ́dọ̀ ẹni tó wà lóde, kí ó tó wúlò.

Ọ̀nà méjì ló kù fún ẹni tí CGNAT dè mọ́lẹ̀, méjèèjì sì dúró lórí òtítọ́ kan náà, pé ráútà a máa gba èsì ohun tí ilé bá kọ́kọ́ béèrè fún. Àkọ́kọ́ ni láti yá sáfà kékeré kan tó ní àdírẹ́sì ìta lọ́wọ́ àwọn tó ń yá ni ní irú rẹ̀ lóṣooṣù, kí sáfà ilé fúnra rẹ̀ sì jáde lọ bá a pẹ̀lú WireGuard. Níwọ̀n ìgbà tí ráútà a máa pa ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́ bí ó bá pẹ́ tí kò sí ìlò, a ó sọ fún WireGuard pé kí ó máa fi ọ̀rọ̀ ṣókí ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá 25 síra wọn, kí ọ̀nà má baà dí. Ọmọ tó wà ní London á lọ sọ́dọ̀ sáfà àyálò yìí, yóò sì gba ibẹ̀ délé.

Ọ̀nà kejì, tó rọrùn fún ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ni irú èyí tí Tailscale ń ṣe, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Toronto ní Kánádà ní ọdún 2019, tí ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ ka orí WireGuard. Sáfà tó wà nílé àti fóònù tó wà ní London á jọ jáde lọ bá alárinà kan, alárinà á sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan bí èkejì ṣe rí láti ìta, àwọn méjèèjì á sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ráútà ilé á rí ọ̀rọ̀ tó jáde, á kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí ti London bá dé, á rò pé èsì rẹ̀ ni, á sì gbé e wọlé. Ti London náà á ṣe bákan náà. Bí NAT bá le débi tí èyí kò fi ṣeé ṣe, ọ̀rọ̀ á gba ọ̀dọ̀ alárinà kọjá, ṣùgbọ́n alárinà náà kò lè kà á, nítorí kọ́kọ́rọ́ àṣírí kò kúrò lórí fóònù àti sáfà. Ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni àkáǹtì tí a fi wọ ibẹ̀, nítorí ẹni tó bá gba ímeèlì onílé lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi ẹ̀rọ tirẹ̀ kún àwọn ẹ̀rọ ìdílé. Kí ìwọlé ìgbésẹ̀ méjì wà lórí ímeèlì náà kí a tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

Lẹ́yìn tí ọ̀nà bá ti là, àwọn nǹkan kan wà tí ìlò ojoojúmọ́ yóò fi hàn. Bí Wi-Fi ibi tí ọmọ wà ní London bá ń lo 192.168.1 gẹ́gẹ́ bí ti Ìbàdàn, tí ó sì ń fi àdírẹ́sì sáfà ní ilé pe é, fóònù rẹ̀ á máa wá 192.168.1.50 nínú yàrá tó wà. Kí ilé yí tirẹ̀ padà sí nọ́ńbà tí kò wọ́pọ̀, bíi 192.168.73, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyára náà yóò yani lẹ́nu, nítorí ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ ará òkèèrè ni ohun tí ilé ń fi ránṣẹ́ jáde, ìyẹn sì sábà máa ń kéré ju èyí tó ń wọlé lọ. Fídíò ìgbéyàwó tó jẹ́ gígábáìtì 4, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé mẹ́gábíìtì 8 jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò gba nǹkan bí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 7. Fọ́tò àti ìwé kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Iná ni ọ̀ràn tó le jù. Sáfà tó wúlò fún ará ẹ̀yìn odi ni èyí tó wà ní títàn ní aago méjì òru, èyí sì ni ìdí tí Raspberry Pi pẹ̀lú háàdì dísìkì kékeré, tí àpapọ̀ wọn kì í sábà jẹ tó wáàtì 20, fi yẹ Nàìjíríà ju kọ̀ǹpútà ńlá lọ: ínfátà kékeré lè gbé e di mọ́jú. Ráútà náà gbọ́dọ̀ wà lórí bátìrì kan náà, nítorí sáfà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ráútà tó ti kú kò lè gbọ́ ẹnikẹ́ni. Iná tó ń lọ lójijì nígbà tí sáfà ń kọ fáìlì sílẹ̀ lè ba fáìlì náà jẹ́, ó sì lè ba gbogbo dísìkì jẹ́, nítorí náà bátìrì tó lè sọ fún sáfà pé òun ti fẹ́ tán, kí ó pa ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, níye lórí gan-an.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne bàjẹ́ ní agbègbè Abidjan ní Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní Nàìjíríà, Benin, Tógò àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ará London kò lè dé ilé, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nílé ṣì ní fáìlì wọn lọ́wọ́, ohun tí ẹni tó kó gbogbo tirẹ̀ sí ilẹ̀ òkèèrè kò lè sọ. Ọ̀nà kan náà tún lè ṣe iṣẹ́ mìíràn: bí ọmọ tó wà ní London bá gbé Raspberry Pi àti dísìkì kan sílé tirẹ̀, sáfà Ìbàdàn lè máa kó ẹ̀dà ohun tó bá yí padà lọ síbẹ̀ lóru, kí olè, iná tàbí omi òjò tó bá wọ ilé kan má baà pa ohùn bàbá àgbà rẹ́ títí láé. Ẹni tó ní ọ̀nà dé sáfà rẹ̀ láti ibi gbogbo ṣùgbọ́n tí kò ní ẹ̀dà kejì ṣì wà nínú ewu ńlá.

Fóònù a máa sọnù, wọ́n a sì máa jí i. Ìdí nìyí tí oníkálukú fi gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ìdílé má ṣe jọ máa lo ọ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá gba fóònù ọmọ tó wà ní Houston lọ́wọ́ rẹ̀ ní òpópónà, ẹni tó ń tọ́jú sáfà nílé á pa ìlà tó ní kọ́kọ́rọ́ fóònù náà rẹ́, á tún WireGuard tàn, fóònù tí wọ́n jí kò sì ní rí ìdáhùn gbà mọ́, nígbà tí ti London àti ti Ìbàdàn ń ṣiṣẹ́ lọ láìsí ìyípadà kankan. Bí ó bá ra òmíràn, á fi kọ́kọ́rọ́ gbangba tuntun rẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n á sì fi í sí ipò ti àtijọ́.